Iná Tí Àpèkẹ́ Tàn fún Jímọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí obìnrin ṣe ń di ìbínú bí ẹni di iyọ̀ sétí aṣọ, kó lọ wo Àpèkẹ́ ní Igbó-Elérin. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló ti ń dín dùndú àti ẹja ní Ìyànà Ìbà. Bí òórùn dùndú yẹn bá dé títì, ọkọ̀ tó ń lọ Bàdágìrì á dúró láìjẹ́ pé èrò kankan ní òun fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó bi àwọn awakọ̀.

Ọkọ rẹ̀ kọ́ ilé sílẹ̀ fún un kó tó kú, ó sì gbin ọgbà yí i ká: igi àgbálùmọ̀ kan, igi àgbọn kan, efinrin, ewúro, àti òdòdó pupa tó tò láti ẹnu géètì dé ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ọkọ ti lọ, Àpèkẹ́ ò tan iná síta mọ́. Ta ni yóò máa bá a wo òdòdó? Gílóòbù kan ṣoṣo ló ń tàn ní pálọ̀.

Jímọ̀ ni aládùúgbò tí ilé rẹ̀ kọjú sí ọgbà náà, gọ́tà ló là wọ́n láàárín. Òun ni alága àwọn onílé, ó ju Àpèkẹ́ lọ lọ́jọ́ orí, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ ìfárí lọ. Lọ́jọ́ ìpàdé kan, Àpèkẹ́ pẹ́ dé. Bó ṣe ń wọlé, Jímọ̀ fọwọ́ ra irùngbọ̀n, ó ní:

"Ẹ sún mọ́ra, Ìyá Òkùnkùn ti dé. Ẹ fún wọn láyè kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ wa lórí."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n àwàdà kan wà tó máa ń bímọ. Orúkọ náà kúrò lẹ́nu onílé, ó bọ́ sẹ́nu ayálégbé; ó kúrò níbẹ̀, ó bọ́ sẹ́nu àwọn oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń bi èrò pé, "Ṣé Ìyá Òkùnkùn lẹ ti máa bọ́ ni, àbí ẹ ó kọjá ẹ̀?" Ó ti di bọ́sítọ́ọ̀bù nìyẹn.

Èyí tó wá burú jù ni pé mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ló kún àdúgbò, gbogbo wọn ló sì ń bẹ Ọlọ́run kó gba àwọn lọ́wọ́ agbára òkùnkùn. Ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gílóòbù lásán ni, tó bá gbọ́ orúkọ yẹn, á fi nǹkan míì kún un. Àwọn ìyá ń kìlọ̀ fọ́mọ wọn kí wọ́n má ṣa àgbálùmọ̀ tó bá já bọ́ lójúde rẹ̀. Oníbàárà ń dín. Lọ́jọ́ kan, Florence, tó ti ń ra dùndú láti ìgbà oyún àkọ́bí rẹ̀, rọra dá èyí tó ti ṣà padà sínú àwo.

"Màmá, ẹ má bínú," ó ní. "Wọ́n ní ká máa ṣọ́ra ni."

Àpèkẹ́ palẹ̀ mọ́ láìtíì tà tán. Ó dé ilé, ó jókòó sábẹ́ igi àgbọn, ó ń wo bàkónì Jímọ̀.

"Àpèkẹ́ ni bàbá mi sọ mí," ó ń dá sọ̀rọ̀. "Ẹni tí wọ́n pè kí wọ́n lè kẹ́ ẹ. Ìwọ Jímọ̀ wá pè mí, o fi pa mí lẹ́nu iṣẹ́. Ó dáa. Iná ni màá fi bá ẹ jà."

Ilẹ̀ mọ́, ó ránṣẹ́ pe Zakariyah, oníṣẹ́ iná tó wà ní Ajangbadi. Ìyẹn wo ilé yípo, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé iná funfun ńláńlá sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó mọ́lẹ̀ bíi pápá bọ́ọ̀lù."

"Ṣé bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ gbá ni? Iná tó bá ń wọ̀ mí lójú ò ní jẹ́ kí n rí olè tó dúró lẹ́yìn ẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ni kí iná máa wò."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ń fàmì sílẹ̀. Iná kéékèèké sábẹ́ òdòdó, kí wọ́n dorí kodò. Ọ̀kan sí ìdí àgbọn, kó máa wo òkè kí ara igi lè yọ. Ọ̀kan sí ibi àgádágodo géètì. Ọ̀kan sábẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n fi nǹkan bò ó létí. Gbogbo rẹ̀, yẹ́lò. Ìgbà tó dé ẹ̀bá gọ́tà ló dúró.

"Ibí ni kó o gbé funfun sí. Èyí tó funfun jù tó o bá rí ní ọjà Alábà. Gbé e sókè dáadáa, kó máa wo gọ́tà."

Zakariyah gbójú sókè, ó rí bàkónì. "Màmá, ṣé gọ́tà ni, àbí Alága?"

"Gọ́tà ni. Bí ojú iná bá wá ṣèèṣì gbòòrò, ta ni yóò bá iná jà?"

"Kí ló dé tí àwọn tiyín fi jẹ́ yẹ́lò?"

"Òróró ló kọ́ mi. Nígbà tí mo ń fi gílóòbù funfun dín ẹja, gbogbo kòkòrò Ìyànà Ìbà ló ń kú sínú agbada mi. Mo pààrọ̀ ẹ̀ sí yẹ́lò, wọ́n kó lọ bá ọkùnrin tó ń ṣájì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Funfun ni wọ́n ń sìn."

Zakariyah rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi mú. "Màmá, ẹ burú o."

"Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n tan iná náà, àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ dúró wò ó. Òdòdó pupa ń dán bí ẹyinná, igi àgbọn dúró bí ọba. Jímọ̀ náà yọ sí bàkónì. Ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ funfun kan kún ọ̀dọ̀ òun fọ́fọ́. Ó pa tirẹ̀, ó gbé àga sí àárín ibi tó mọ́lẹ̀ jù, ó ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá mu tíì.

"Ìyá Òkùnkùn ti tan iná fún mi lọ́fẹ̀ẹ́," ó pariwo ẹ̀ síta kí tẹrú-tọmọ lè gbọ́.

Àpèkẹ́ gbọ́ látinú ọgbà. Ó bu omi sídìí efinrin.

Òjò àkọ́rọ̀ dé. Ó rọ̀ lọ́sàn-án, ó dá, bí ìrọ̀lẹ́ ti ń lé bọ̀ ni èsúnsún tú jáde nínú ilẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn tú àpò jéró. Wọ́n fò kọjá lórí ọgbà Àpèkẹ́, wọn ò kí i. Bàkónì Jímọ̀ ni wọ́n forí lé. Wọ́n wọ inú tíì, wọ́n wọ inú irùngbọ̀n, wọ́n wọ agbádá láti ọrùn, wọ́n jáde lápá. Ó ya ẹnu kó pe ìyàwó rẹ̀, odidi ẹbí èsúnsún wọlé. Ìyẹ́ bo ilẹ̀ dé kókósẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò wá dé, wọ́n gbé abọ́ omi kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn rẹ̀ láti fi kó èsúnsún tí wọn yóò yan jẹ, wọ́n ń kọrin lẹ́nu géètì rẹ̀ bí ẹni wà lójúde bàbá wọn. Bí òjò bá ti rọ̀, wọ́n á tún dé. Kí òjò tó le, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ní bọ́sítọ́ọ̀bù tuntun: Bàbá Èsúnsún.

Jímọ̀ sọ̀kalẹ̀ wá.

"Ìyá..." Ó gbé èyí tó kù mì.

"Ìyá ta ni, Alága?"

"Ìyá Sàmíát. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa iná gọ́tà yẹn."

"Ọmọ mi lẹ pè yẹn, ó wà l'Ábẹ́òkúta. Ẹ̀yin lẹ bà mí lórúkọ jẹ́ níbi tí mo ti ń tajà. Ibẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti wá tún un ṣe. Ẹ wá nígbà tí èrò bá pọ̀."

Jímọ̀ lóun ò lè dúró nídìí agbada. Òjò tún rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó wá.

Ìyànà Ìbà kún dẹ́nu, ó dúró níwájú agbada pẹ̀lú agbádá funfun, ó gbóhùn sókè. "Àpèkẹ́, bu dùndú fún mi. Àpèkẹ́, èmi ni mo pè ọ́ lórúkọ tí kì í ṣe tìrẹ. Ọ̀rọ̀ gílóòbù lásán ni, ẹ̀yin èèyàn. Kò sí ohun òkùnkùn kankan lọ́wọ́ ẹ̀." Ó sì jẹ ẹ́ lójú wọn. Florence tó ń kọjá dúró, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n di tòun náà.

"Wáá pa iná yẹn, Àpèkẹ́," Jímọ̀ rọra sọ ọ́.

"Màá pa á lálẹ́ òní. Mi ò ní yọ ọ́ o."

Ibẹ̀ ni oníkẹ̀kẹ́ kan ti fẹ̀gbẹ́ kan wọn, tó ń kígbe, "Bàbá Èsúnsún, Bàbá Èsúnsún, ó ku ẹnì kan!" Jímọ̀ dúró pẹ̀lú dùndú lẹ́nu. Àpèkẹ́ yí ẹja padà nínú òróró, kò gbójú sókè.

"Ẹ tètè wọlé, Alága. Ilé yín ló ń lọ."