Ọ̀rọ̀ Tí Mo Kó Sínú Èèpo Ẹ̀pà

Òórùn ẹ̀pà tútù tí wọ́n ń sè lẹ́yìnkùlé ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ ìjiyàn yẹn ní Bódìjà. Èéfín igi ń ta mí nímú, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ṣáà rántí ìjiyàn ilé ìwé ayé ìgbà náà: àgbẹ̀ ló dára jù ni, àbí dókítà?

Àgbẹ̀ ni mo gbè lẹ́yìn. Wàhálà mi kan ṣoṣo ni pé ọ̀rọ̀ mi kì í parí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni míìsì wa ti lu agogo mọ́ mi lẹ́nu nígbà tá a ń fi kọ́ra. Wọ́n ní, "Àjọkẹ́, bí agogo bá tún bá ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ lọ́jọ́ Jímọ̀, Sìdí ló máa bá wa lọ sí Mọ́kọ́lá." Mọ́kọ́lá! Ibi tí a ó ti lọ pàdé ilé ìwé mìíràn, tí a ó wọ bọ́ọ̀sì, tí wọ́n á fún wa ní mínírà! Sìdí kẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi ni o, ṣùgbọ́n rárá.

Mo sunkún tọ bàbá mi lọ. Akọ̀wé ìjọba ni wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n. Tó o bá fẹ́ parí ẹ̀, sọ pé 'in a nutshell'. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ yẹn kéré débi pé ó lè gba inú èèpo ẹ̀pà." Mo bi wọ́n pé ta ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ará ìgbàanì ló ń pìtàn pé ẹnì kan da ìwé gbàǹgbà kan kọ wínníwínní, títí gbogbo ẹ̀ fi wọnú èèpo àsálà.

Háà! Wọ́n pìtàn fún mi, èmi gbà pé iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Àsálà ò sí nílé, ẹ̀pà ló wà. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ìjiyàn náà, mo kọ ìparí ọ̀rọ̀ mi sára ìwé tínńtín, mo ká a. Mo la ẹ̀pà tó tóbi jù nínú ìkòkò, mo jẹ ọmọ kan, mo fi èkejì sílẹ̀ kó má baà ṣófo. Mo ki ìwé bọ̀ ọ́, mo pa á dé.

Lórí pèpéle, àsìkò ti fẹ́ tán. Mo na ẹ̀pà sókè: "In a nutshell!" Mo fi eyín pa á. Ẹ gbà mí o! Eyín tó ti mọ ẹ̀pà láti kékeré kò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Mo rún ẹ̀pà, mo rún ìwé, mo gbé gbogbo ẹ̀ mì káló. Míìsì ti mú agogo.

Gẹ̀ẹ́sì sá lọ, Yorùbá ló jáde: "Ohun tí mo jẹ yìí, àgbẹ̀ ló gbìn ín! Ẹ ní kí dókítà gbin tiẹ̀ ká rí i!" Mo jókòó. Agogo ò tíì dún. Ẹ̀rín sọ, Sìdí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Mo sì lọ sí Mọ́kọ́lá.

Lónìí, ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ mi. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo fi ń parí, wọ́n á sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo kọ ọ̀rọ̀ mi sí kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fáànù gbé e lọ níbi ìpàdé kan ní Ring Road, ni èmi ìyá àgbà bá ń rákòrò lábẹ́ tábìlì, tí mo ń wá a, mi ò lè sọ gbólóhùn kan. Àjọkẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ì bá ti sọ̀rọ̀ parí, kó sì ti jókòó, kí n tó rí i.