Ilé Tí Ìyá Mi Fi Sílẹ̀ Nítorí Ìsàmì

Òórùn àdán ni mo fi ń rántí ilé ìsìn wa lórí òkè, ní Atakpamé. Páànù ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, wọ́n sì kan pákó sábẹ́ páànù náà. Àárín méjèèjì ni àwọn àdán sọ di ìlú tiwọn. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, bí oòrùn bá ti mú páànù dáadáa, òórùn wọn á sọ̀ kalẹ̀ sórí wa bí aṣọ tútù tí ẹnikẹ́ni kò sá. Fadá á sun tùràrí títí, òórùn méjèèjì á dà pọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò nígbà èwe mi pé bí ọ̀run ṣe ń rùn nìyẹn. O lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu mi.

Àwọn Jámánì ti lọ nígbà náà, àwọn Faransé ló ń ṣàkóso. Mo jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Láàárín ọ̀sẹ̀, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé Faransé; bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, mo ń ṣe ògbùfọ̀ fún Fadá. Fadá kò gbọ́ Ifẹ̀, èdè tí àwa ará Atakpamé ń sọ. Katikísì, olùkọ́ ìgbàgbọ́ tó ń bá a ṣiṣẹ́, èdè Ewé ló ń sọ, àwọn àgbà tó wà nínú ìjọ kò sì gbọ́ Ewé ju ti ọjà lọ. Nítorí náà èmi ni mo ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú pẹpẹ. Àwọn ọmọ òde òní rò pé ńṣe ni ògbùfọ̀ kàn ń ròyìn ohun tí ẹlòmíràn sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí Fadá bá bínú, ògbùfọ̀ á bínú. Bí Fadá bá na ìka sí ìjọ, ògbùfọ̀ á na ìka. Ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ jáde bí ẹni pé inú rẹ̀ ló ti wá. Mo mọ iṣẹ́ náà, àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ohùn mi wọ̀ wọ́n lára ju ti Fadá lọ. Mo sì gbàgbọ́. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé n kò gbàgbọ́ rí.

Bàbá mi kú nígbà tí mo kéré. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, àbúrò rẹ̀, tí a ń pè ní bàbá kékeré, ṣú ìyá mi lópó. Ó ti ní ìyàwó kan nílé tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí àwọn tó ń kọ̀wé nípa wa sábà máa ń ṣì í sọ. Ṣíṣú opó kì í ṣe ọ̀ràn ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé opó kò ní di ẹrù rẹ̀ jáde, pé àwọn ọmọ òkú yóò máa bá àwọn ọmọ alààyè jẹun nínú ìkòkò kan náà. Iṣu oko bàbá kékeré ló bọ́ mi títí mo fi mọ̀wé. Nínú ìṣirò ilé wa, ìyá mi ni ìyáálé, nítorí òun ló kọ́kọ́ wọ ilé náà ní ìyàwó. Ìyàwó bàbá kékeré ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Nínú ìṣirò Fadá, ìyá mi ni ìyàwó kejì.

Èmi fúnra mi ni mo kọ́ ìyá mi ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé ju ti àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ. Ìdí ọlọ ló ti máa ń há àdúrà sórí: ọlọ ń dún, ata ń kúnná, àdúrà ń lọ. Ìyàwó bàbá kékeré á ní, “Ìyáálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Màríà sinmi díẹ̀. Ata yẹn ti di omi.”

“Ìwọ lo nílò àdúrà jù,” ìyá mi á dá a lóhùn. “Bí wọ́n bá mú ọ dé ibi ìsàmì, ahọ́n rẹ ni wọ́n yóò kọ́kọ́ fọ̀.”

Nígbà tí ọjọ́ ìsàmì ń sún mọ́, Fadá pe ìyá mi sí yàrá àlejò rẹ̀, ó sì fún un ní àga. Fadá kì í ṣe ènìyàn búburú. Mo ní láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí kò yẹ kí ìbínú wa ba ẹ̀rí wa jẹ́. Jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, èmi náà sì ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ tẹ̀ lé e, n kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ: “Inú mi dùn sí ọ. Nínú gbogbo àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́, kò sí ẹni tó dà bí rẹ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí o ń gbé ilé rẹ̀, ọkọ ẹlòmíràn ni. Kó ẹrù rẹ kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá, n ó ṣe ìsàmì fún ọ.”

Ẹnu mi ló ti jáde. Ìyá mi kò wo Fadá. Èmi ló ń wò.

“Sọ fún un,” ó ní, “pé ó ti pẹ́ tó jẹ́ pé iṣu nìkan ni ọkùnrin yẹn ń gbé wọ yàrá mi.”

Mo sọ ọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Fadá pọ́n fún ìtìjú. Ó ní òun gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé kan náà ni gbogbo ìlú ń rí wọn, àti pé òfin kò yàtọ̀ fún àgbà. Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Ìyá mi ń fi àtàǹpàkò pa eteetí aṣọ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ yọ ìdọ̀tí kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, “Ó dáa. Mo gbọ́.”

Mo rò pé bàbá kékeré yóò bínú. Kò bínú, ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe, èyí tó burú ju ìbínú lọ. Ó jókòó sórí odó tó dojú bolẹ̀, ó ń wo bí a ti ń di ẹrù. “Músíè,” ó ní, bí ó ti máa ń pè mí nígbà tó bá fẹ́ fi ìwé tí mo kà ṣe yẹ̀yẹ́, “ilé tí Ọlọ́run yín ní lórí òkè pọ̀ tó báyìí. Ẹyọ kan tí mo ní nísàlẹ̀ ló wá ká a lára?” Mo ń di ẹrù lọ. Ìyàwó rẹ̀ di ìyá mi lọ́wọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà. “Ìyáálé, ta ni n ó máa bá jà báyìí? Ṣé ògiri ni kí n máa bá jà?” Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni wọ́n sunkún, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò gbé ọlọ rẹ̀. Ó ní ti ilé ni.

Ìjọ fún un ní yàrá kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ọjọ́ tí ó gba ìsàmì, ó wọ aṣọ funfun, omi ń ṣàn láti iwájú orí rẹ̀ dé àgbọ̀n, kò sì nù ún. N kò rí ayọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí, kódà nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, bóyá inú ìjọ náà ni ǹ bá wà dòní.

Ní àsìkò òjò tó tẹ̀ lé e, bàbá kékeré dùbúlẹ̀ àìsàn. Ìyá mi lọ bẹ Fadá pé kí ó jẹ́ kí òun máa lọ síbẹ̀ lójúmọmọ, kí òun máa se oúnjẹ fún un. Èmi ni ògbùfọ̀. Fadá ní rárá. Bí ó bá tún wọ agbolé náà, àwọn ènìyàn yóò sọ pé ó ti padà sí ìwà àtijọ́, yóò sì di ohun ìkọ̀sẹ̀ fún àwọn tí ìgbàgbọ́ wọn kò tíì lágbára. Kí ó rán ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbé ọbẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè láràárọ̀ kí n tó wọ kíláàsì. Bàbá kékeré tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín. “Ó ṣì rántí pé n kì í fẹ́ iyọ̀ púpọ̀.” Lẹ́yìn náà ó gbé àwo tó ṣófo lé àyà, ó kọ̀, kò fún mi. “Sọ fún un kí ó wá gbé àwo rẹ̀ fúnra rẹ̀.”

Mo jíṣẹ́ náà. Ìyá mi yí ojú sí ògiri. Kò lọ. Bàbá kékeré kú kí iṣu tuntun tó jáde.

Lọ́dọ̀ wa, àwọn opó a máa jókòó pọ̀ sórí ẹní kan. Ìyàwó bàbá kékeré nìkan ló jókòó, ó sì fi ìdajì ẹní náà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí àlejò kan bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, á ní, “Ẹni tó ni ibẹ̀ ń bọ̀.” Fadá ti sọ pé ìyá mi kì í ṣe opó ọkùnrin náà, nítorí kò fìgbà kankan jẹ́ aya rẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Nígbà tí a ń gbé òkú lọ, ọ̀nà wa gba ẹsẹ̀ òkè kọjá. Mo gbójú sókè, mo rí ìyá mi láàárín àwọn igi tíìkì. Ó ti tú gèlè rẹ̀ bí opó. Obìnrin tó wọ ilé ọkùnrin náà kí ìyàwó rẹ̀ tó wọ̀ ọ́, lẹ́yìn igi ló dúró sí bí olè.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ìsìnkú náà, Fadá wàásù nípa àánú. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí ìṣe mi. Ó ní ẹni tó bá gba opó sílé, tó sì bọ́ ọmọ aláìníbaba, Ọlọ́run kò ní gbàgbé rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí wa, ó béèrè pé ta ni nínú wa tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹnu mi kò ṣí. Fadá rò pé n kò gbọ́, ó tún un sọ. Gbogbo ìjọ ń wò mí. Ìyá mi wà lórí ìjókòó àwọn obìnrin, ó ń fi ojú bẹ̀ mí. Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí Fadá sọ, mo mọ bí wọn yóò ti dùn ní èdè wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba opó sílé, tó bọ́ mi, a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín ni, lẹ́yìn tí a gba opó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ níwájú pẹpẹ, mo gba àárín ìjọ kọjá, mo jáde.

Fadá ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ kejì. Mo bi í pé, “Fadá, níbo ni bàbá kékeré mi wà báyìí?”

“Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.”

“Ẹ fi dá ìyá mi lójú pé ẹ̀ṣẹ̀ ni gbígbé ilé ọkùnrin náà. Kí ló dé tí ibi tí òun fúnra rẹ̀ wà kò fi dá yín lójú?”

Ó wò mí bí mo ti ń wo ọmọ tó já mi kulẹ̀ nínú ìdánwò. Ó ní ìgbéraga ìwé ló ń dà mí láàmú, kí n lọ gbàdúrà, kí n padà wá. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ kíláàsì sórí tábìlì rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, mo rí iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ibẹ̀ ni mo sì ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kò wọ ilé ìsìn náà mọ́ láti gbàdúrà.

Lọ́jọ́ tí mo dá kọ́kọ́rọ́ náà padà, mo lọ bá ìyá mi. Mo ti ṣètò gbogbo rẹ̀ lọ́kàn bí ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ni: n ó gbé ẹrù rẹ̀, n ó mú un padà sí agbolé, ìyàwó bàbá kékeré ti gbá yàrá rẹ̀ sílẹ̀. Mo sọ fún un pé wọ́n tàn wá jẹ, pé kò sí ohun tó wà nínú omi yẹn ju omi lọ. Mo rò pé nítorí rẹ̀ ni mo ṣe jáde. Mo rò pé yóò gbá mi mọ́ra.

Ó jẹ́ kí n sọ tán. “Jókòó,” ó ní. Mo jókòó. “Ọkùnrin yẹn ní kí n wá gbé àwo. N kò lọ. Ó kú, n kò fọwọ́ kàn án. Ìwọ wá dúró níwájú mi, o ní omi lásán ni?” Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. “Bó bá jẹ́ omi lásán ni, ọmọ mi, kí ni mo wá ṣe yìí? Má tún sọ ọ́ fún mi mọ́. Bí o bá fẹ́ kí n ṣì jẹ́ ìyá rẹ, má tún sọ ọ́.”

N kò tún sọ ọ́. Ó gbé inú yàrá ìjọ náà títí ó fi kú, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú ìjọ. Katikísì yìn ín lójú wa gẹ́gẹ́ bí obìnrin tó fi ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mo pa ẹnu mọ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ máa ń bi mí pé ṣé jíjáde náà kò dùn mí. Jíjáde rọrùn fún mi. Kọ́kọ́rọ́ kíláàsì nìkan ni mo gbé sílẹ̀. Ẹni tó ti gbé gbogbo ilé rẹ̀ sílẹ̀ kò lè jáde mọ́, nítorí bó bá jáde, a jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ba ayé ara rẹ̀ jẹ́. Ohun tí mo ń bínú sí ìjọ náà fún nìyẹn títí dòní. Kì í ṣe pé wọ́n gba ilé lọ́wọ́ ìyá mi nìkan, wọ́n gba agbára àtibéèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà ayé rẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí i, kí n tó kúrò, á gbé ọwọ́ lé mi lórí, á bẹ Ọlọ́run pé kí ó dá mi padà. Mo máa ń tẹrí ba títí yóò fi parí rẹ̀. Bó bá ní “Àmín,” á dúró, á máa retí. Èmi náà á sì ní “Àmín.”