Òǹtẹ̀ Tí Àwọn Ẹ̀rọ Náà Mọ̀

Ọkùnrin tó pa orúkọ mi rẹ́ ṣì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Ìkẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kò sì dára. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé inú rere ni mo fi ń kọ ìwé yìí. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Yóò kà á, yóò mọ ara rẹ̀, ìyẹn tó mi.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí títí mo fi fẹ̀yìntì. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé-ìwé girama mélòó kan ní agbègbè wa, láti Ìṣẹ̀ àti Èmùré títí dé Ìjàn àti Ọ̀mùò, dáwó jọ, wọ́n gba yàrá kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìjọ, wọ́n ní kí n máa bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Àlòkù ni gbogbo rẹ̀. Òmíràn ṣófo, òmíràn kún fún kòkòrò tó ń ba iṣẹ́ kọ̀ǹpútà jẹ́. Kò sì sí íńtánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè gbára lé. Ní Ìmẹ̀sí-Lásigidi, olùkọ́ wọn a máa gun orí àpáta kó tó lè pè mí.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ́ àká. Orúkọ tí a sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ̀rọ kan ni, ó wà ní igun yàrá, inú rẹ̀ ni mo kó gbogbo ètò kọ̀ǹpútà tí ilé-ìwé lè nílò sí, ètò kọ̀ọ̀kan nínú ìdì tirẹ̀. Ìdì kan wà fún ìwé títẹ̀, òmíràn wà fún ìṣirò, èmi fúnra mi sì ṣe ọ̀kan kí àwọn ọmọ lè máa fi àmì ohùn sórí Yorùbá. Láti inú àwọn ìdì wọ̀nyí ni mo ti ń to odidi ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà dìde. Mo ń dà á sórí fláàṣì, àwọn ilé-ìwé á fi sínú ẹ̀rọ wọn, gbogbo ẹ̀rọ á sì rí bákan náà. Láti ìgbà náà lọ, bí mo bá tún ìdì kan ṣe, mo kàn ń fi ìyẹn nìkan ránṣẹ́ lórí fláàṣì.

Ìdì kọ̀ọ̀kan ní òǹtẹ̀ lára. Kì í ṣe òǹtẹ̀ oníyíǹkì o. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ mi, nọ́ńbà gígùn kan lásán ni, tí ẹlòmíràn kò ní irú rẹ̀; òun ni mo fi ń lu òǹtẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ ní àwọn ilé-ìwé mọ bí òǹtẹ̀ mi ṣe rí. Ìdì tí kò bá ní in, wọn kò ní gbà á wọlé. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí olùkọ́ kan ní Èmùré lọ gba ètò lọ́wọ́ ẹni tó ń ta fíìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èsì ìdánwò odidi kíláàsì sì pòórá.

Nígbà tí mo ń ṣe kọ́kọ́rọ́ yẹn, ẹ̀rọ bi mí ní orúkọ. Mo kọ ọ́, ó pé, pẹ̀lú àmì lórí. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀rọ kan bá ń gba ìdì wọlé, orúkọ mi á jáde lójú rẹ̀. N kò bímọ. N kò kọ́ ilé tó ju yàrá mẹ́ta lọ. Ibi kan ṣoṣo tí orúkọ mi wà láyé yìí nìyẹn, n kò sì tijú láti sọ pé mo fẹ́ kó máa wà níbẹ̀.

Èmi ni mo kọ́ ọkùnrin yìí níṣẹ́. Ìka kan ló fi ń tẹ ìwé nígbà tó dé. Nígbà tí àwọn ilé-ìwé ní àwọn fẹ́ alákòóso, wọ́n ní mo ti dàgbà jù. Òun ni wọ́n mú: díákónì ni, ó sì máa ń wọ kóòtù. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe ni kàlẹ́ńdà. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń rán aṣọ mi ni mo ti rí i lára ògiri: àwòrán rẹ̀, òun àti kóòtù, wọ́n sì kọ “Olùdásílẹ̀” sábẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀rọ̀ orúkọ mi lọ sí ìpàdé.

“Ẹ̀yin náà ẹ wò ó,” ó wí fún àwọn ọ̀gá ilé-ìwé, bí ẹni pé n kò sí lórí àga níbẹ̀. “Kí àlejò wá láti Àbújá, kó tan ẹ̀rọ wa, kó wá rí orúkọ màmá tó ti fẹ̀yìntì. Ṣé a ò ní ọ̀gá ni?”

Ọ̀gá ilé-ìwé kan láti Ìṣẹ̀ rẹ́rìn-ín. “Ẹ jẹ́ kí màmá lọ máa bá àwọn ọmọ-ọmọ wọn ṣeré.”

“Àwọn ọmọ-ọmọ wo?” ni mo bi í.

Gbogbo wọn ló mọ̀ pé n kò ní. Wọ́n kọjá sí ọ̀rọ̀ tó kàn, epo jẹnẹrétọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ṣe kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ló wà lára rẹ̀, “Díákónì” ló sì fi ṣáájú. Ó yọ òǹtẹ̀ mi kúrò lára gbogbo ìdì tó wà nínú àká, ó lu tirẹ̀ mọ́ wọn. Mo bá a lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí mo wá dá kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn padà.

“Ṣé o ti jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ mọ òǹtẹ̀ tuntun yìí kí o tó yọ tèmi?” ni mo bi í.

“Màámi, ẹ lọ sinmi. Ẹ ti ṣe tiyín.”

“Mo ní, ṣé wọ́n mọ̀ ọ́?”

“Wọ́n á mọ̀ mí, mà. Ta ni ò mọ̀ mí ní Ìkẹ́rẹ́ yìí?”

Mo lè ṣàlàyé fún un. Kò ní ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ: fi òǹtẹ̀ àtijọ́ lu ìdì tó gbé òǹtẹ̀ tuntun dání, fi ránṣẹ́, dúró kí gbogbo ilé-ìwé gbà á, lẹ́yìn náà ni kí o tó yọ ti àtijọ́. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì pa ẹnu mi dé. Bí mo ṣe ń jáde, mo rí iná lẹ́yìn yàrá. Àwọn ìwé tí mo fi ọwọ́ kọ ni wọ́n ń sun, títí kan èyí tí mo kọ páásíwọ́ọ̀dù ẹ̀rọ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan sí.

“Ìdọ̀tí inú kọ́bọ́ọ̀dù ni, mà,” ni obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ wí. “Ọ̀gá ní kí n kó gbogbo ẹ̀ dànù.”

Mo dúró wo iná náà títí ó fi jó tán.

Kò pẹ́ tí ìdánwò kọ̀ǹpútà dé. Ètò ìdánwò tuntun gbọ́dọ̀ wọ gbogbo ẹ̀rọ kó tó di ọjọ́ Ajé. Alákòóso wa lu òǹtẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, ó fi ránṣẹ́. Kò sí ẹ̀rọ kan tó gbà á. Èsì kan náà ni gbogbo ilé-ìwé rí: a kò mọ ẹni tó lu òǹtẹ̀ yìí. Ó ní kò burú, òun á tún odidi ètò náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń bá wa tò ó kò gba àwọn ìdì náà, nítorí èmi ni òun náà mọ̀. Ó wá fẹ́ wọ inú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan kó fipá yí i padà. Páásíwọ́ọ̀dù ti di eérú.

Olùkọ́ kan ní Ìjàn pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹfà ní ọjọ́ kan. Èèyàn dáadáa ni, kò ṣẹ̀ mí rí. N kò gbé e.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, mò ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì níwájú ilé nígbà tí ọkùnrin náà dé. Ó mú Ìyá Ìjọ wá láti bá a bẹ̀ mí.

“Ẹ káàsán, Màámi.”

“Kí lo wá ṣe n’ulé mi?” Bí inú bá bí mi, Yorùbá tí mo fi kọ́ ọmọ níwèé a máa sá lọ.

“Ẹ má bínú, Mọ́mì Tíṣà,” ni Ìyá Ìjọ wí. “Ọmọ yín ni.”

“Mi ò bímọ, Ìyá Ìjọ. Ẹ bi í. Ojú ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi mí rẹ́rìn-ín.”

Ó dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn, òun àti kóòtù. “Ẹ bá mi wá kọ́kọ́rọ́ yẹn, mà. Nítorí àwọn ọmọ.”

“Àwọn ọmọ tí ò gbọdọ̀ rí orúkọ arúgbó?”

“Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí, mà.”

“Sọ ọ́ kí Ìyá Ìjọ gbọ́.”

“Wọ́n ti gbọ́, mà.”

“Etí wọn ò dáa mọ́. Sọ ọ́ sókè.”

“Etí tèmi dáa o!” ni Ìyá Ìjọ kígbe. “Ẹ má fi mí sí i!”

Mo ṣa ìrẹsì náà tán kí n tó dìde. Mo mú fláàṣì tí kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀ láti inú agolo bọ́tìnì mi, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà. Mo ní kó jókòó.

“Ìdì tó máa gbé òǹtẹ̀ rẹ dé ọ̀dọ̀ wọn máa ní ìlà kan tí á máa jáde nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá ń dìde,” ni mo wí. “Ìwọ lo máa tẹ̀ ẹ́. Kọ ọ́ pé: ẹni tó kọ́ àká yìí ni. Kí o wá kọ orúkọ mi.”

Ó kọ ọ́ láìsí àmì kankan.

“Orúkọ mi kọ́ nìyẹn.”

Ó ń wá àmì ohùn kiri ojú kíbọ́ọ̀dù. Láti ọdún tó ti ń lo ìdì tí mo ṣe, kò tíì fi àmì kan sórí ọ̀rọ̀ rí. N kò fi hàn án. Ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀, ó ṣì í. Ìyá Ìjọ ń ka Sáàmù wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó máa fi gbà á, òógùn ti rin ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo fi ara bo kíbọ́ọ̀dù, mo lu òǹtẹ̀ mi mọ́ ìdì náà àti mọ́ ètò ìdánwò, mo yọ fláàṣì mi.

“Ẹ ò ní fún mi ní kọ́kọ́rọ́ náà ni, mà?”

“Ìwọ náà ní tìrẹ. Ta ni ò mọ̀ ọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ yìí?”

Àwọn ọmọ ṣe ìdánwò wọn. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó jáde síwájú ìjọ, ó jẹ́rìí pé Ọlọ́run fún òun ní ọgbọ́n nígbà ìṣòro. Ìyá Ìjọ tẹjú mọ́ fáànù. Mo pe olùkọ́ Ìjàn padà. Ó ní, “Ẹ ṣé, mà,” ó sì pa fóònù. Kò pè mí mọ́ láti ìgbà náà. Ìyẹn nìkan ni n kò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọkùnrin yẹn.

Ìlà náà ṣì wà níbẹ̀. Ó lè yọ ọ́ báyìí, òǹtẹ̀ tirẹ̀ ti di mímọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á láti tún fọwọ́ kan ohunkóhun nínú àká. Wọ́n ní bí ó bá mú àlejò lọ sí ilé-ìwé, tí ẹ̀rọ ń dìde, ńṣe ló máa ń na ìka sí ọgbà ilé-ìwé láti ojú fèrèsé kí àlejò lè máa wo ibẹ̀. N kò kọ orúkọ mi sínú ìwé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó lọ tan ẹ̀rọ kan ní Ọ̀mùò.