Télọ̀ Tó Rán Orúkọ Gbogbo Wọn Mọ́ Kọ́là

Kọ́pùrà, ọmọ ogun àtijọ́ kan, kú ní ọsibítù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rí tó fẹ́ jẹ́ sì kú mọ́ ọn lẹ́nu. Kì í ṣe pé kò sọ ọ́. Ó sọ ọ́ títí ohùn fi há a. Àwọn tó yẹ kó wá gbọ́ ọ ni kò wá. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù láyé nínú àwọn tó mọ ibi tí wọ́n sin bàbá ìyá mi sí, ọmọ ogun tó kú sójú ogun, tí wọ́n wá sọ fún wa pé ó sọnù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó sọnù náà fún yín. Télọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dojú kọ fèrèsé, torí kò fọkàn tán iná. Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, sọ pé aṣọ oníbàárà ló máa ń kọ́kọ́ jáde níbẹ̀, ti ará ilé á wá kẹ́yìn.

"Aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa," ni Màmá wí, "ó ṣì ń ṣẹ́ etí rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí àlejò ti jókòó. Mo ní, 'Télọ̀, ṣé ìhòòhò ni kí n fi fẹ́ ọ ni?' Ó ní kí n fara balẹ̀, pé ìyàwó kì í sá."

Màmá á rẹ́rìn-ín, á wá fi etí ìró nu ojú. Ojú náà ti ń ṣú báyìí. Ó ń dá èèyàn mọ̀ nípa ohùn.

Oyún ìyá mi ló wà nínú rẹ̀ nígbà tí ogun mú ọkọ rẹ̀ lọ. Ohun tó padà wá bá a kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: ó sọnù. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí aládùúgbò máa ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ẹni tó kú sójú ogun, akọni ni. Ẹni tó sọnù ńkọ́? Wọ́n ní ó sá ni. Wọ́n ní ó ti fẹ́ ìyàwó míì níbì kan, pé kaba ló ń rán fún un. Nílé ẹ̀kọ́, Ọmọ Asáfógun ni wọ́n ń pe ìyá mi. Kì í bá wọn jà. Á kàn dákẹ́ ni. Mo rò pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lèmi náà ti kọ́ ọ.

Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ń ṣèrántí níbi tí wọ́n sin àwọn ọmọ ogun sí, wọ́n máa ń tẹ́ àga fún àwọn opó. Orúkọ ọkọ tó wà lára òkúta ni wọ́n fi ń pín in. Ọkọ Màmá ò ní òkúta, torí náà ẹ̀yìn wáyà tó yí ibẹ̀ ká ló máa ń dúró sí. Lọ́dún tó kọjá mo bá a lọ, mo ṣí agboòrùn lé e lórí. Bàbá arúgbó kan dìde láàárín àwọn tó jókòó, ó tẹ ọ̀pá wá sọ́dọ̀ wa, ó ń wò ó, ó ń wò ó.

"Ìyàwó Télọ̀ kọ́ nìyí? Fọ́tò rẹ, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lágọ̀ọ́."

Màmá ní, "Ta lẹ̀yin?"

"Kọ́pùrà ni. Ọkọ rẹ ló rán ṣòkòtò mi. Ó fún mi nídìí títí ogun fi parí."

"Ìdí yín ló tóbi. Ọkọ mi kì í ṣi aṣọ gé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni Kọ́pùrà bi í pé kí ló ń ṣe lẹ́yìn wáyà. Màmá ní ṣé ó gbàgbé pé ọkọ òun sọnù ni. Bàbá náà fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀.

"Sọnù bíi ti báwo? Èmi ni mo sin ín."

Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyí. Àṣẹ dé àgọ́ wọn pé kí orúkọ oníkálukú wà nínú kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, kí wọ́n má baà máa sin èèyàn láìmọ ẹni tó jẹ́. Télọ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ó jókòó sábẹ́ tápólì, wọ́n tò síwájú rẹ̀, wọ́n ń fi ikú ṣẹ̀fẹ̀. "Télọ̀, orúkọ ọ̀gá ni kí o rán mọ́ tèmi, kí ikú lè máa wá a lọ." Kọ́pùrà ní, "Tìrẹ ńkọ́?" Ó ní, "Tèmi á kẹ́yìn. Ṣé oníbàárà ló yẹ kó dúró dè mí ni?"

Lọ́jọ́ tí bọ́ǹbù bọ́ lu tápólì yẹn, Kọ́pùrà ti lọ pọnmi. Ìgbà tó dé, òun àti ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ló gbẹ́lẹ̀. Ojú ò ṣeé dá mọ̀ mọ́. Kọ́là ni wọ́n ń yí wò, orúkọ wà níbẹ̀ kedere, òwú rẹ̀ ò já. Ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo ni kọ́là rẹ̀ ṣófo. Ta tún ni ìbá jẹ́? Kọ́pùrà wí fún sájẹ́ńtì wọn. Sájẹ́ńtì ní ohun tí òun ò bá kà nínú kọ́là, òun ò ní gbé e sórí òkúta. Ìyẹn ló fi di òkúta aláìlórúkọ, èyí tó kángun sí wáyà. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ni Màmá ti ń dúró, kò mọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn, ẹni tí ẹ fọwọ́ ara yín sin lẹ ní ó sọnù? Gbogbo opó tó ń jókòó níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ta ló fún wọn lága? Wọ́n ní ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé láé. Àwa la kó o.

Ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn ọmọ ogun tó ti kú wà lókè kẹta. Mo di Màmá lọ́wọ́ mú gun àtẹ̀gùn. Akọ̀wé tó dá wa lóhùn kì í ṣe èèyàn burúkú, ó bu omi fún un. Ó ní ká mú ẹlẹ́rìí méjì tó wà níbẹ̀ nígbà tí Télọ̀ ń kú wá.

Mo ní, "Ẹ má bínú sà, àwọn tó wà níbẹ̀ ti bá a kú."

"Àbúrò, òfin nìyẹn."

A bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní Kọ́pùrà nìkan á tó, ṣùgbọ́n kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá búra níwájú ọ̀gá. Ọ̀gá lọ sísinmi. Ìgbà tí ọ̀gá máa fi dé, Kọ́pùrà ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Mo ní kí wọ́n rán ẹnì kan lọ bá a ní ọsibítù. Wọ́n ní kò sọ́kọ̀. Mo wá gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù mi, mo gbé e lọ bá wọn. Akọ̀wé gbọ́ ọ títí dópin, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Àbúrò, fóònù ò lè búra."

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí Kọ́pùrà kú, wọ́n gbé ọkọ̀ wá. Ọkọ̀ dáadáa, tí wọ́n fọ̀ tó ń dán. Àsíá wà, fèrè wà. Ọ́fíìsì tí kò rí ọkọ̀ tó máa lọ gbọ́ ọ̀rọ̀ alààyè, ó rí èyí tó máa wá gbé òkú! Akọ̀wé wà níbẹ̀, kò lè wojú mi. Kí ni mo ṣe? Mo dúró, mo sọ fún Màmá bí àsíá ṣe rí. Kò sí ohun míì tí mo lè ṣe.

Mi ò mọ ẹnikẹ́ni nílé ìjọba, torí náà ìbéèrè nìkan ni mo ní. Ta ló kọ ọ́ pé ó sọnù, nígbà tí àwọn tó sin ín ṣì wà láàyè? Ta ló ní kò sọ́kọ̀? Ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ẹnikẹ́ni láìsí orúkọ. Ẹ gbé ohùn Kọ́pùrà síta kí gbogbo èèyàn gbọ́, kí ẹ sì fi irọ́ inú rẹ̀ hàn wá. Bí ẹ ò bá rí irọ́ kankan, ẹ kọ orúkọ télọ̀ sórí òkúta rẹ̀, kí ẹ sì wá sọ ọ́ ní àdúgbò tí wọ́n ti pe ọmọ rẹ̀ ní Ọmọ Asáfógun.

Ìrántí tọdún yìí ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Lánàá, Màmá bi mí ibi tí òun máa dúró sí. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè kẹta, ẹ sọ̀kalẹ̀ wá dá a lóhùn.