Àna Kì í Ṣiṣẹ́ Nílé Wa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ wórò-wórò, takisí tí èrò máa ń wọ̀ pọ̀, láti Port-Bouët bọ̀ ní Koumassi, ní Abidjan níbí. Bí a ṣe ń kọjá lẹ́bàá òkun ni èéfín ẹja gba ojú fèrèsé wọlé. Àwọn èrò yòókù fi ọwọ́ bo imú. Èmi na ọrùn síta. Kíá ni mo ti mọ̀ pé igi rọ́bà ni wọ́n fi ń dáná náà, pé igi ọ̀hún kò tíì gbẹ dénú, àti pé ẹni tó ń yan ẹja náà ń kánjú. Ọ̀dọ́kùnrin ọmọ Ejigbo kan tó jókòó tì mí wò mí títí, ó ní, "Vieux père, bàbá wa, ẹja ni o, kì í ṣe lọ́fínńdà." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti lọ.

Ìyá tó bí ìyá mi ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ èéfín. Látìgbà náà, kò sí ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja láti Port-Bouët títí dé Bingerville tí n kò tíì jókòó sí béèrè ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó ń ṣe é bíi tirẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́ja ni àwa ọmọ ń pè é. Àgbá irin ló fi ń ṣe ààrò, ó gé ojú sí i nísàlẹ̀ fún igi, ó fi àwọ̀n wáyà bo òkè. Ẹja sáwá ló fẹ́ràn jù. Yóò tò wọ́n, orí èyí síbi ìrù ìyẹn, kí ooru lè kárí. Iná líle ni yóò kọ́kọ́ fún wọn kí ara wọn lè gan. Bí ojú ẹja bá ti funfun bí ìlẹ̀kẹ̀, yóò fa igi jáde, yóò da èèpo àgbọn sí i, yóò fi páálí bò ó, yóò wá fi í sílẹ̀ fún èéfín. Bó bá ṣí páálí náà, àwọ̀ ẹja á pọ́n bí idẹ. Iṣẹ́ yìí ló fi tọ́ ìyá mi dàgbà nínú ahéré kan létí òkun Port-Bouët.

Òkun ló lé e kúrò níbẹ̀. Ó ń jẹ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó yá ó jẹ ahéré náà. Ọlọ́run sì ṣe é, ọdún yẹn kan náà ni bàbá bàbá mi kú ní Ejigbo. Bàámi lọ gbé ìyá tirẹ̀ wá sí Abidjan, ó sì ní kí ìyá ìyàwó òun náà máa bọ̀. Koumassi Remblais là ń gbé, yàrá méjì àti pálọ̀, nínú àgbàlá kan tí ọ̀pọ̀ ìdílé jọ ń lò. Bàámi ń tún fìríìjì ṣe, Màámi ń ránṣọ. Àwọn ìyá àgbà méjèèjì àti àwa ọmọ la wà ní yàrá kan. Inú Bàámi dùn débi pé ó ń kọrin nílé ìwẹ̀. "Ilé tó kún ló ń jẹ́ ilé," ló máa ń wí.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, Ìyá Ẹlẹ́ja mú ìgbálẹ̀, ó fẹ́ gbá ojú àgbàlá. Ìyá Àgbà, ìyá Bàámi, sáré jáde, ó kúnlẹ̀, ó sì rọra gba ìgbálẹ̀ náà.

"Háà! Àna mi! Kí ayé má gbọ́! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní ọmọ mi gba ọmọ lọ́wọ́ yín tán, ó tún wá sọ yín di ọmọ ọ̀dọ̀? Àna kì í ṣiṣẹ́ nílé wa."

Ó ní kí wọ́n gbé àga onítìmùtìmù wá síbi ìloro. Ibẹ̀ ni Ìyá Ẹlẹ́ja jókòó sí. Àwọn ará Ejigbo tó wá kí wa káàbọ̀ rí i, wọ́n mi orí. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gẹ àna!" Àyà Bàámi wú.

Láti ọjọ́ náà ni ọlá ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún un, òun nìkan ń jẹ ẹ́. Wọ́n ń fi àwo bo omi rẹ̀. Tí àwa ọmọ bá fẹ́ jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀ gbọ́ àlọ́, Ìyá Àgbà á lé wa dànù: "Ẹ má da àlejò láàmú." Nígbàkigbà tí Ìyá Àgbà bá sì ń kọjá, bóyá ó gbé ìkòkò, bóyá ó gbé odó, yóò dúró, yóò tẹ eékún, yóò ní, "Ẹ kú ìjókòó o, àna wa." Nígbà tí ó bá ń lọ àti nígbà tí ó bá ń bọ̀. Ẹni tí wọ́n ti ń kí ní ẹ kú iṣẹ́ láti kékeré, ẹ kú ìjókòó ló wá di oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin, tó kórìíra omi pípọn, gbàdúrà nígbà yẹn kí Ọlọ́run sọ òun di àna kíákíá. A rò pé adùn ni.

Tanti Mariam, obìnrin Jùlá tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ní ìkíni kan tó máa ń fi kí gbogbo àgbàlá bó bá tọjà dé: "I ni baara!" Bí àwa ṣe ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ gan-an nìyẹn. Yóò kí alágbàfọ̀, yóò kí Màámi nídìí ẹ̀rọ, yóò kí ẹni tó ń gúnyán. Bó bá kan àga onítìmùtìmù, á pa ẹnu mọ́, á kàn tẹ orí ba.

Mo gbọ́ tí Ìyá Ẹlẹ́ja ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́ sí Màámi lójú fèrèsé. "Ọmọ mi, fún mi ní ẹ̀gúsí kí n bó. Ẹnìkan ò ní rí i."

"Ẹ ní sùúrù, Màámi. Wọ́n á ní mo fi ìyá mi ṣe ẹrú."

"Èwo ló fẹ́ pa mí, ọmọ yìí? Iṣẹ́ àbí ìjókòó?"

Màámi yí ojú sí aṣọ tó ń rán. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ọjọ́ kan wá, Ìyá Àgbà bá àwọn ìyá ìjọ lọ gbàdúrà ní Bingerville. Kò tíì pẹ́ tó jáde tí Ìyá Ẹlẹ́ja dìde, tó tún ìró rẹ̀ sán, tó yí àgbá irin rẹ̀ tó gbé bọ̀ láti Port-Bouët jáde láti ẹ̀yìn ilé ìwẹ̀. Tanti Mariam gbé ẹja tútù wá láti ọjà. Ọ̀rọ̀ tí a ò gbọ́ lẹ́nu ìyá náà láti oṣù mélòó kan bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀.

"Mariam, ọwọ́ rẹ le bí ọwọ́ ọlọ́pàá! Rọra. Ẹja ni o mú, kì í ṣe olè."

"Pardon, la vieille, ẹ má bínú. N ó rọra."

"Ìwọ ọmọ yìí, má fẹ́ iná yẹn mọ́. Ṣé o fẹ́ jó o ni, àbí o fẹ́ jẹ ẹ́?"

Ẹ ò bá rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń dán. Nígbà tó ṣí páálí, gbogbo àgbàlá gbé àwo wá, wọ́n fi àtíẹ̀kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ yìí, jẹ ẹja, wọ́n ń lá ìka.

Ẹnu oúnjẹ náà la wà tí Ìyá Àgbà fi dé. Kò jà. Ká ní ó jà ni, ì bá sàn. Ó tú gèlè rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán ní àárín àgbàlá, ó sì bú sẹ́kún.

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ bá mi bẹ àna mi! Kí ni ọmọ mi fi dù yín? Kí lẹ ń wá nínú iná? Ẹ wo bí wọ́n ti sọ wá di ẹni tí kò lè bọ́ àna rẹ̀!"

Àwọn tó ń jẹun gbé àwo sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàámi tibi iṣẹ́ dé bá ìyá rẹ̀ lórí ilẹ̀, àwọn ará Ejigbo sì ti pé lé e lórí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Ẹlẹ́ja. "Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Ẹ má dójú tì mí mọ́." Lójú wa níbẹ̀ ló ti pe àwọn tó ń ra irin àlòkù, ó sì ní kí wọ́n máa gbé àgbá náà lọ. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Ìyá Ẹlẹ́ja wò wọ́n títí wọ́n fi yí i jáde lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "O ṣé, ọkọ ọmọ mi." Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó lọ jókòó.

Kò tún bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀gúsí mọ́. Nígbà tí òjò dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, oúnjẹ ò lọ mọ́. Ìyá Àgbà ń po ẹ̀kọ fún un, ó ń fi ṣíbí fún un mu, ó ń nu ẹnu rẹ̀. Ọjọ́ tí ó rí i pé kò ní dìde mọ́, ó pe Bàámi. "Òkú àna kì í jáde nílé ọkọ ọmọ rẹ̀. Àbùkù ni fún un, kì í ṣe fún wa." Mo ti béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbà Ejigbo láti ìgbà náà. Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni àṣà wí. Àwọn kan ní etí àwọn ò gbọ́ ọ rí.

Wọ́n gbé Ìyá Ẹlẹ́ja sínú takisí lọ sí Bingerville, sọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan tí kò rí láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó fi aṣọ ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa fẹ́ sí i. "Ẹ padà wá bá wa o, àna wa." Ìyá Ẹlẹ́ja kú nígbà tí Màámi wà nínú gbákà, ọkọ̀ akérò tó ń gbé e lọ wò ó. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń sọ pé ìdílé wa mọ àna í tọ́jú.

Ọdún gorí ọdún. Ojú Ìyá Àgbà wá ń ṣú. Ẹ̀wà ṣíṣà nìkan ló kù tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, òun ló sì fi ń lo ọjọ́. Ní àárọ̀ kan Màámi kúnlẹ̀, ó gba atẹ ẹ̀wà náà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ jókòó, Ìyá. Ṣé àwa ọmọ yín ò sí ńlé ni?" Ìyá Àgbà gbé ojú rẹ̀ tí kò ríran sókè sí ibi tí ohùn náà ti wá, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó mọ ohun tí wọ́n gbé fún un. Màámi tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin títí ó fi kú. Kò bú u rí. Wọ́n tún yìn wá.

Bàámi náà ti lọ. Lọ́dún yìí ni Màámi kó wá sọ́dọ̀ èmi àti ìyàwó mi. Ilé ti yí padà: gáàsì la fi ń dáná, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń gbé, kò sí àgbàlá tí ará ilé ti ń rí ara wọn. Ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí àwọn òbí àgbà tó ń kó wọlé ọmọ wọn. Gbogbo wọn ló ń ṣe nǹkan kan náà. Wọn kì í wo bẹ́ẹ̀dì, wọn kì í wo tẹlifíṣọ̀n. Ojú wọn á kọ́kọ́ máa wá ibi tí iṣẹ́ wà.

Ìyàwó mi, Abidjan ni wọ́n bí i sí, ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ó fẹ́ràn Màámi dọ́kàn, n kò sì sọ ìtàn yìí fún un rí. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, Màámi wọ ilé ìdáná, ó mú ọ̀bẹ, ó fẹ́ rẹ́ àlùbọ́sà. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ eékún díẹ̀, ó sì rọra gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Non, Màmá. Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ lọ jókòó."

Ojú Màámi fà ro. Ó wo ìyàwó mi bí ẹni tí ohun tó ti ń sá fún láti ọjọ́ pípẹ́ ká mọ́.

"Ọmọ mi, kí ni mo ṣe ọ́?"

Ìyàwó mi yíjú sí mi, ó ń dúró kí n sọ ìdí ọ̀rọ̀ náà fún òun. Kí n tó yíjú padà, Màámi ti lọ jókòó.