Ọdún Tí Ẹnu Ilé Pa Oògùn Tì

Ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ ló mọ̀ nípa àtọ̀gbẹ jù. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń lo hóró oògùn méjì lójúmọ́, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, kò sì sí ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá ní Agbonou tí kò ní ìmọ̀ràn fún mi. Ọlọ́kọ̀ alùpùpù tó ń gbé mi lọ sí Atakpamé ní kí n máa jẹ àlùbọ́sà tútù. Obìnrin tó ń ta gààrí létí títì ní kí n má fọwọ́ kan ọsàn mọ́ láyé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì mọ bí a ṣe ń dákẹ́ kí aláìmọ̀kan parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n sùúrù náà ní ibi tó máa ń tán sí.

Ọ̀gá gbogbo wọn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Àgbẹ̀ ni, inú ilé bàbá wa ló ń gbé, ní abúlé kan lọ́nà Elavagnon. Bó bá ti wá sọ́jà, yóò yà sọ́dọ̀ mi, òun àti ìgò omi ńlá tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Yóò jókòó, yóò gbé ìgò sẹ́nu, yóò ní kí n bá òun pọn òmíràn sí i, lẹ́yìn náà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

"Àbúrò, oògùn òyìnbó yìí ló ń ba inú rẹ jẹ́. Ṣé ìyá wa lo hóró kankan rí? Ìyá wa kò ha dàgbà dàgbà?"

Ewé ejìnrìn gbígbẹ ló máa ń kó wá fún mi, pé kí n máa sè é mu. Mo ń mu ún, kí n má parọ́. Ó korò bí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi gan-an, ṣùgbọ́n èyí tó ń ti ẹnu ẹ̀gbọ́n mi jáde kò ṣeé gbé kaná kó rọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé apá kan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Oògùn náà ń yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá lò ó láàárọ̀, inú mi á máa kùn, bí ó bá sì dìde, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan, lórí alùpùpù, níbi tí ọ̀nà ti ń gun òkè wọ Atakpamé, mo ní kí ọlọ́kọ̀ dúró, mo sì sáré wọ ilé ẹni tí n kò mọ̀ rí, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ hàn mí. Obìnrin tó jáde wá wò mí, ó pariwo, "Háà! Mẹ́tírẹ́sì!" Orúkọ tí àwọn ọmọ tí mo kọ́ ń pè mí nìyẹn. Mo ti kọ́ ọ ní ìwé kíkà, ó wá ń fi ìkòkò omi àti kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ojú tì mí títí mo fi délé. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ẹni tí yóò sọ fún mi pé kí n pa oògùn náà tì.

Ojú mi ni kò jẹ́ kí n pa á tì láti ọjọ́ yẹn. Ìyá wa fọ́jú kó tó kú. Èmi ni mo fà á lọ́pàá fún ọdún mẹ́rin, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi, láti ìdí igi dé ilé ìwẹ̀. Kò sí ohun tó ń bà mí lẹ́rù bí kí ọmọ ẹlòmíràn di ìdí ọ̀pá mi mú bẹ́ẹ̀. Ìwé kíkà ló kù tí mo fi jẹ́ ènìyàn: èmi ni mò ń ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi náà ni àwọn aládùúgbò ń gbé ìwé ìjọba wá bá. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún mi pé ojú ni ṣúgà máa ń wọ̀ lọ jẹ láìpariwo. Nítorí náà mò ń lo oògùn, mo sì ń bínú sí i.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, mo lọ fún àyẹ̀wò nílé ìwòsàn, ìgbà àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò mi bọ́ sí oṣù náà. Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí àwa alátọ̀gbẹ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí mo kọ́, ọ̀dọ́kùnrin pẹ́lẹ́ kan tó máa ń bẹ̀rù ìṣirò. Ó gún mi ní ìka, ó wo ẹ̀rọ, ó tún un wò.

"Mẹ́tírẹ́sì, ẹ kú iṣẹ́ o! Kò tíì wálẹ̀ tó báyìí rí. Ṣé ẹ yí nǹkan kan padà nínú oúnjẹ yín ni?"

"Rárá," ni mo dá a lóhùn. "Bí mo ṣe máa ń jẹun lásìkò yìí lọ́dọọdún náà ni."

"Ṣé kò sí ewé tí ẹ ń mu?"

"Ejìnrìn díẹ̀."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n má tíì dá oògùn mi dúró o, pé dókítà ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kí a jọ fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ọ́. Mo ní mo gbọ́. Irọ́ ni, nọ́mbà yẹn nìkan ni mo gbọ́. Kí n tó dé Agbonou, mo ti parí èrò: ejìnrìn ti wò mí sàn, hóró wọ̀nyí kàn ń fi inú mi ṣeré lásán ni. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ariwo ayọ̀ tó pa, ẹ ó rò pé òun ló bí ejìnrìn. Mo kó oògùn mi sínú agolo bisikíìtì tí mò ń kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí, mo sì dé e.

Kí n sọ òótọ́, ayé rọ̀ mí lọ́rùn. Inú mi dákẹ́. Mo gun alùpùpù lọ sí Atakpamé, mo gùn ún bọ̀, n kò sáré wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi gbádùn báyìí kí ọjọ́ iṣu tuntun tó pé.

Nínú ilé bàbá wa, obìnrin kan wà tí a ń pè ní ẹnu ilé. Òun ni àgbà jù nínú àwọn obìnrin tí a bí sínú ilé náà, òun ló sì gbọ́dọ̀ tọ́ iṣu tuntun wò kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹ́. Ìyá wa ló wà nípò yẹn tẹ́lẹ̀, nítorí ọmọ ilé ló fẹ́ ọmọ ilé, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí òun náà. Nígbà tó kú, ó kàn mí. Oníjọ Àgùdà ni mí, ṣùgbọ́n Fádà kò bi mí, èmi náà kò sọ fún un. Ẹnu yẹn gbọ́dọ̀ mọ́. Nítorí náà, bí òjò bá ti rọ̀ dénú tí iṣu ń wú lábẹ́ ebè, ẹnu ilé kò ní fi iṣu kankan kan ẹnu mọ́, ìbáà ṣe ògbólógbòó iṣu, ìbáà ṣe èlùbọ́, fún bí oṣù méjì, títí di ọjọ́ náà. Àgbàdo kì í bá mi lára mu. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja ni mo máa ń fi lo àkókò yẹn.

Bí wọ́n bá ti fi iṣu àkọ́kọ́ àti epo pupa sí mi lẹ́nu tán, kò tíì parí. Ìyàwó ilé kọ̀ọ̀kan ti gún iyán nínú odó tirẹ̀, yóò sì bu òkèlè kan wá. Gbogbo rẹ̀ ni ẹnu ilé gbọ́dọ̀ gbé mì. Èyí tí o bá fò, ìyàwó tó ni ín yóò máa sọ títí ọdún yóò fi yípo pé o fi ilé òun gégùn-ún. Odó mọ́kànlá ló dún lọ́dún náà. Ẹ wá wo òkèlè! Oníkálukú fẹ́ kí n rí i pé iṣu ọkọ òun ló ta jù. Mo jẹ mọ́kọ̀ọ̀kànlá, kò sì sẹ́ni tó fi ipá mú mi, nítorí pé lẹ́yìn oṣù méjì ẹ̀wà, iyán yẹn dùn dé egungun mi. Wọ́n tún di iṣu kún àpò fún mi lọ sílé. Sísè láàárọ̀, gígún nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní bí iṣu ẹni bá ta, a máa ń fi ọwọ́ bò ó jẹ. Èmi kò tilẹ̀ bò ó.

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ dé. Mo ní epo pupa ni. Ìtọ̀ tẹ̀ lé e, mo ní omi tí mo mu ni. Ẹni tó ń bá ara rẹ̀ ṣe alágbàwí kì í pàdánù ẹjọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, mo dìde láti ka ẹ̀kọ́ kìíní. Mo ṣí ìwé, àwọn lẹ́tà sì wọnú ara wọn. Mo yọ awò ojú mi, mo fi etí aṣọ nù ún, mo wọ̀ ọ́ padà. Kò sí ìyàtọ̀. Mo fi orí ka gbólóhùn méjì tí mo rántí, gbólóhùn kẹta kò wá. Mo gbọ́ tí ẹnìkan wúkọ́. Katikíìsì wa rọra wá, ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó di ìgúnpá mi mú, ó sì mú mi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà ní ẹsẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan, bí mo ṣe máa ń mú ìyá mi.

Ẹ̀rù bà mí débi pé mo bínú sí gbogbo ayé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà nọ́ọ̀sì kí ó tó dé. Ó gún mi ní ìka, ó wò ó, ó gún ìka mìíràn.

"Mẹ́tírẹ́sì, ẹ ti pa oògùn tì."

Mo da ọ̀rọ̀ bò ó. Mo ní ewé tọdún yìí kò lágbára. Mo ní ẹ̀rọ rẹ̀ ti bàjẹ́. Mo ní oògùn wọn ló ti sọ mí di alágbe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kiri ìlú. Ó dákẹ́ títí mo fi parí, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe máa ń dákẹ́ fún aláìmọ̀kan.

"Kí lẹ jẹ lánàá?"

"Iṣu."

"Níjẹta ńkọ́?"

"Iṣu."

"Lọ́jọ́ tí nọ́mbà yín wálẹ̀ yẹn, ṣé ẹ ń jẹ iṣu?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà! Ta ní í jẹ iṣu lásìkò yẹn? Èmi kọ́ ni ẹnu ilé?"

Ẹ̀rín náà kú sí mi lẹ́nu. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ sọ fún mi pé ẹ kò yí nǹkan kan padà."

"N kò yí i padà. Bó ṣe ń rí lọ́dọọdún nìyẹn."

"Mẹ́tírẹ́sì, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ká ka ìbéèrè dáadáa ká tó dáhùn."

Ọwọ́ mi yún mi láti gbá a létí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì purọ́. Ó wá bi mí pé ta ni mo sọ ọ̀rọ̀ inú mi fún láti ìgbà tó ti ń dà mí láàmú. Mo sọ fún ọlọ́kọ̀ alùpùpù, mo sọ fún onígààrí, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn tó fún mi ní oògùn nìkan ni n kò sọ fún, nítorí ojú ń tì mí. Nígbà tí dókítà dé, ó fún mi ní irú hóró kan tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú, ó ní oúnjẹ ni kí n máa fi tì í. Inú mi ṣì ń kùn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń fún mi láyè láti délé. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí lẹ́tà tó padà sí àyè rẹ̀. Mi ò jẹ́ pa á tì mọ́ láì bi wọ́n.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ òkèlè mọ́kànlá. Mo wọkọ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nílé. Ó jókòó lábẹ́ igi pẹ̀lú ìgò omi rẹ̀. Mo ní lọ́dún tó ń bọ̀, kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan bu èyí tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ wá, tí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n wá ẹnu mìíràn fún ilé. Ó gbaná jẹ.

"Kí ni àwọn baba wa yóò wí? Ìyá wa jẹ gbogbo rẹ̀ lọ́dọọdún títí ó fi kú!"

"Ìyá wa fọ́jú, Ẹ̀gbọ́n."

"Ogbó ni."

"Ṣé ẹ rántí àmù omi ìyá wa?"

Ó rántí. Lẹ́yìn iṣu tuntun ni ìyá wa máa ń ní kí a gbé àmù sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn òun, a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó fẹ́ gbin ìrẹsì sínú ikùn. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín yẹ̀yẹ́ àtijọ́ yẹn, ó sì gbé ìgò rẹ̀ sẹ́nu. Ó gbé e kúrò láì mu. Ó wo ìgò náà. Ìkejì rẹ̀ ti ṣófo lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, oòrùn kò sì tíì kan àtàrí.

Ó dé ìgò náà, ó sì fún ìdérí rẹ̀ pinpin.

"Nọ́ọ̀sì rẹ yẹn," ló wí, kò wo ojú mi, "ọjọ́ wo ló máa ń wà níbẹ̀?"