Èèbù Tí Mákánjúọlá Pín

Ní Òkèhò, Mákánjúọlá ni olórí akọrin ìjọ wa, àgbẹ̀ oníṣu sì ni. Nígbà tí inú ń run ún tí oúnjẹ ò dúró, mo sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà Mọ́ládé ki okùn oníná gba ọ̀fun rẹ̀, ó rí kókó kan nínú àpòlúkù. Ó ní ó jọ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ojú lásán ò tó. Wọ́n á gé e, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò.

Jẹjẹrẹ nìkan ni Mákánjúọlá gbọ́. Àgbẹ̀ tó mọ̀ pé òun ò ní rí òjò mìíràn kì í jẹ́ kí iṣu gbígbìn òun jẹrà. Kó tó lọ fún iṣẹ́ abẹ, ó pín gbogbo èèbù rẹ̀ fún ẹbí. Àwáwù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló gba èyí tó pọ̀ jù. Ẹkún ló fi gbà á.

Èsì dé: kì í ṣe jẹjẹrẹ. Dókítà ní ẹran ẹ̀yà ara mìíràn ni, èyí tó yẹ kó wà lẹ́yìn àpòlúkù. Inú ìyá rẹ̀ ló ti ṣìnà, ibẹ̀ ló sì ń gbé látọjọ́ náà. Kò wọ́pọ̀, kì í pani. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lójú ọ̀nà ni mo wá ń rò ó pé, ta ló fi í síbẹ̀? Mi ò bi ẹnikẹ́ni.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Mákánjúọlá lọ tọrọ èèbù padà. Wọ́n ń kí i láti inú ilé, wọn ò ṣílẹ̀kùn. Ìdòwú, àbúrò ìyàwó rẹ̀, sọ fún mi pé ohun tí òkú bá ti pín, òkú nìkan ló ń padà wá béèrè rẹ̀. Ó ní àkúdàáyà ni, òkú tó ń rìn, tí kì í làágùn bí ènìyàn. Ó bi mí bóyá mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ náà tutù, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn a máa tutù.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kó jẹ́rìí pé Ọlọ́run mú jẹjẹrẹ kúrò. Ó ní òun ò ní in rí. Àwọn tó jókòó tì í sún kúrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi àti òun wà lóko, ebè ṣófo lọ rẹrẹ. Àwáwù yọ tòun ti agbọ̀n èèbù lórí, ó dúró sí ààlà. Mákánjúọlá fẹ́ lọ sọ̀ ọ́. Àwáwù fà sẹ́yìn.

"Dúró síbẹ̀. Kí ni ìyá wa máa ń pè ọ́ tó o bá ń sunkún?"

"Àríyọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni. Ẹ fọwọ́ kàn mí."

"Òkú pàápàá mọ orúkọ ara rẹ̀," ló wí, jẹ́jẹ́.

Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Mákánjúọlá gbé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn. Oòrùn mú. Àwáwù ò kúrò ní ààlà, ó ń wò ó bóyá yóò làágùn.

Èmi náà ń wò ó.